Ọfà Tó Dojú Dé Lára Ògiri Ibùdó

Dókítà Táhírù Abọ́dẹrìn kú ní òwúrọ̀ Àlàmísì, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994, ní ilé rẹ̀ ní Tafo, ní ìlú Kumasi, Ghana. Kí a tó kírun Alásàrí, a ti sin ín. Ọ̀gbẹ́ni Kojo Asamani, ọ̀gá ìṣàkóso ní Ibùdó Ìwádìí Ilẹ̀ àti Omi ní Ashanti New Town, wà níbẹ̀. Kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ó tẹjú mọ́ ohun tí àwa yòókù ń ṣe: ó bu iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta, ó sì rọra dà á sínú sàréè. Mo gbóríyìn fún un lọ́jọ́ náà. N ò mọ̀ pé ó ń fi ìyẹn dánra wò ni.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gbẹ́ni Asamani buwọ́ lu lẹ́tà kan. Lẹ́tà náà dé Tafo ní àdúà ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí mààsà sàráà ṣì ń gbóná lórí iná. Òkú ni wọ́n kọ ọ́ sí. Wọ́n ní kí Dókítà Abọ́dẹrìn wá kó ẹrẹ̀ rẹ̀ kúrò nínú yàrá tútù Ibùdó láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn yóò dà á nù.

Nímátù, opó rẹ̀, tẹ́ ìwé náà sórí itan. Ó wò mí.

"Jímọ̀h, ìwọ lo bá a ṣiṣẹ́. Ṣé ọjọ́ mẹ́rìnlá á tó fún un láti lọ síbi tó lọ yẹn, kó sì tún bọ̀?"

"Ìyá Sàwúdátù, ẹ má bínú."

"Mi ò bínú. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá kí n bá a kọ èsì pé kò sí nílé ni."

Ẹrẹ̀ wo ni wọ́n ń sọ? Ẹ fara balẹ̀ gbọ́, nítorí pé ẹrẹ̀ yìí kò yé àwọn kan ni ọ̀rọ̀ fi dà bó ṣe dà.

Ìsàlẹ̀ òkun dà bí ilẹ̀ ilé tí ẹnikẹ́ni kì í gbá. Ọyẹ́ tó ń fi eruku Sàhárà bo àga wa ní Kumasi kì í dúró lọ́dọ̀ wa. Ó ń kọjá sórí òkun, eruku rẹ̀ a sì rì. Ìkarahun àwọn ẹ̀dá wínníwínní inú omi náà ń rì, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹrẹ̀ tí odò ń kó wá. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni ìpele ń gorí ìpele. Bí a bá ti páìpù gígùn bọ ilẹ̀ náà, tí a sì fà á yọ, ìtàn ti to ara rẹ̀ sínú rẹ̀: tuntun lókè, àtijọ́ nísàlẹ̀. Ibi tí eruku bá ti pọ̀, ọ̀dá ló dá lórí ilẹ̀ nígbà náà. Ibi tí ẹrẹ̀ odò bá ti pọ̀, òjò rọ̀ dáadáa. Ohun kan ṣoṣo ni a kò gbọ́dọ̀ ṣìṣe lé lórí: èwo ni òkè? Ìdí nìyẹn tí Abọ́dẹrìn fi ń fi ọ̀dà dúdú ya ọfà sára gbogbo páìpù rẹ̀, kí ó máa tọ́ka sókè. Ẹni tó bá dojú páìpù dé ti fi baba sípò ọmọ.

Páìpù mẹ́rìnlá ló kó bọ̀ láti orí omi Takoradi ní ọdún 1979. Àwọn ará Tafo kò jẹ́ kó sinmi. Alfa Ẹlẹ́rẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Yaa, aládùúgbò rẹ̀, a máa fi ṣẹ̀fẹ̀ láràárọ̀:

"Alfa, Kumasi ò mà ní òkun o!"

"Mo mọ̀, Yaa. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé díẹ̀ wá."

Ẹ̀fẹ̀ náà dákẹ́ ní ọdún 1983. Òjò kọ̀, iná jó oko, kòkó Yaa náà sì jóná tán. Obìnrin náà wá bá a nínú àgbàlá. "Alfa, ṣé òpin ayé ti dé ni?" Abọ́dẹrìn kì í sọ ohun tí kò tíì kà. Oṣù mẹ́jọ gbáko ló fi ń wo ẹrẹ̀, ìka kan lẹ́yìn ìka kan. Nígbà tó parí, ó lọ kan ilẹ̀kùn Yaa. "Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, ó sì burú ju báyìí lọ. Òjò padà wá." Yaa tún kòkó gbìn. Ó ń so lónìí.

Nígbà tí iná yàrá tútù, tí kì í jẹ́ kí ẹrẹ̀ náà bàjẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, Abọ́dẹrìn gbé páìpù mẹ́ta tó kúrú jù wá sínú fíríìjì ìyàwó rẹ̀. Àlejò á ṣí i, á bèèrè irú ẹran tó jẹ́. Nímátù á ní, "Sàhárà ni. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ọbẹ̀ wà lókè."

Ní ọjọ́ kejì àdúà, mo lọ sí Ibùdó. Kéréètì míníráà tí wọ́n fẹ́ fi ṣe àpèjẹ òṣìṣẹ́ ló kún yàrá tútù dé àjà. Mo wá Kwaku, tó ń tún ilé ṣe níbẹ̀, rí níta.

"Kwaku, páìpù Dókítà dà?"

"Wofa Jímọ̀h, ẹ gbójú sókè."

Wofa, ẹ̀gbọ́n ìyá lédè Twi, ló máa ń pè mí. Mo gbójú sókè. Páìpù mọ́kànlá ti tò lára ògiri láti òrùlé dé ilẹ̀, wọ́n ti di ọ̀nà tí omi òrùlé máa gbà sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń dúró de òjò.

"Wọ́n ní kí n da ẹrẹ̀ nù," ni Kwaku wí, inú rẹ̀ ń dùn. "Wọn ò ní kí n da páìpù nù. Ao, páìpù tó dáa báyìí! Mo fọ inú wọn mọ́ tónítóní."

"Nígbà wo?"

"Tàlátà."

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n kọ lẹ́tà. Ọjọ́ mẹ́rìnlá Ọ̀gbẹ́ni Asamani kò pé méjì. Nígbà tí opó fi máa gba ìwé, gọ́tà Ashanti New Town ti gbé ìtàn ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ọdún lọ. Mo bèèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá. Ó ní, "Jímọ̀h, ẹrẹ̀ pọ̀ ní Ghana."

Òótọ́ ni, ọ̀gá. Bébà náà pọ̀ lọ́jà, ṣé ẹ ó wá sun ìwé ìtàn kan ṣoṣo nítorí ìyẹn? Èwo nínú ẹrẹ̀ Ghana ló lè dá Yaa lóhùn nígbà tí òjò bá tún kọ̀? Iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta tí ẹ dà lé Abọ́dẹrìn lórí kò ha tó yín, tí ẹ fi tún lọ sin iṣẹ́ rẹ̀ sí gọ́tà? Ta ló sì sọ fún yín pé míníráà ni kò gbọ́dọ̀ gbóná?

Mi ò bá Kwaku jà. Ohun tí wọ́n rán an ló ṣe, ó sì ṣe é mọ́. Ẹni tó rán an ni mo ń bá wí. Mẹ́ta ló kù nínú fíríìjì Tafo, fíríìjì náà sì ti ń kérora. Kí wọ́n kó kéréètì jáde lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n dá mẹ́ta náà padà sínú òtútù, kí wọ́n kọ orúkọ Táhírù Abọ́dẹrìn sára ilẹ̀kùn yàrá náà. Kí Ọ̀gbẹ́ni Asamani sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ wá sí Tafo, kó wá kó ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà náà jẹ lójú Nímátù.

Ó ku nǹkan kan. Mo wo àwọn páìpù ara ògiri náà dáadáa. Ọfà Abọ́dẹrìn ṣì hàn lára wọn, dúdú kedere. Gbogbo wọn ló ń tọ́ka sílẹ̀. Kwaku ní, "Wofa, mesrɛ wo, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n yí wọn padà báyìí." Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó buwọ́ lu lẹ́tà ni yóò gun òkè lọ yí wọn padà. Àkàsọ̀ wà lẹ́yìn ilé, Kwaku yóò sì bá a di ẹsẹ̀ àkàsọ̀ náà mú.