Íǹṣì Méje

Láti ọdún mẹ́tàlélógójì tí Ìyá Aránṣọ ti ń wọn ènìyàn, kò tíì rí ẹni tí kò gbìyànjú láti rẹ́ téèpù jẹ. Àwọn obìnrin a fa ikùn sínú, àwọn ọkùnrin a wú àyà síta bí àkùkọ. Pásítọ̀ kan tilẹ̀ wà tó dúró lórí ìka ẹsẹ̀. Ìyá Aránṣọ kì í bá wọn jiyàn. Ohun tí téèpù bá sọ ni yóò kígbe jáde, òun náà ni yóò kọ sínú ìwé ẹlẹ́yìn líle rẹ̀, kódà kí àna oníbàárà wà ní ìjókòó. Báyìí ló ṣe ní ọ̀tá púpọ̀ àti ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo.

Ọ̀rẹ́ náà ni Tíṣà, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni; Ìyá Aránṣọ ti lé ní àádọ́rin. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti jáde, Tíṣà a wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, a máa fi bíírò pupa ṣe iṣẹ́ ibi sínú ìwé àwọn ọmọ ọlọ́mọ, Ìyá Aránṣọ a máa wa maṣíìnì. Àwọn ará àdúgbò ń béèrè ohun tí arúgbó àti ọmọdébìnrin ń bá ara wọn sọ. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń béèrè ni wọ́n ń sọ.

Lóṣù méjì-méjì ni Tíṣà ń rán aṣọ. Ní oṣù kìn-ín-ní, ìbàdí rẹ̀ jẹ́ íǹṣì méjìdínlógójì. Ní oṣù kẹta, ó di mẹ́rìndínlógójì, wọ́n sì fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ta lo ń tìtorí rẹ̀ febi pa ara rẹ?"

"Ẹ̀yin ni, Mama. Kí aṣọ yín lè rí ara tó dáa gbé kọ́."

Ní oṣù karùn-ún, téèpù sọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ìyá Aránṣọ tún un wọ̀n, iye kan náà ni. Báyìí gan-an ni àbúrò rẹ̀ obìnrin ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rù nígbà kan. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti sin ín.

"Mélòó ni, Mama?" Kò sí ẹ̀rín nínú ohùn Tíṣà.

"Méjìdínlógójì. O ti padà sípò."

Ẹnu ló purọ́. Ọwọ́ kò mọ̀ ọ́n ṣe. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló kọ sínú ìwé, iye yẹn náà ló sì fi rán síkẹ́ẹ̀tì, ó bá Tíṣà mu rẹ́gí. Irọ́ tí ọwọ́ tó mọṣẹ́ bá rán, a kì í rí ojú rírán rẹ̀. Nígbà tí Tíṣà kó àwọn aṣọ àtijọ́ wá pé wọ́n ń bọ́ lára òun, Ìyá Aránṣọ yẹ ọ̀kan wò lókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò nísàlẹ̀.

"Ọṣẹ tí o fi ń fọ̀ wọ́n ló ń fẹ̀ wọ́n. Kó wọn sílẹ̀."

Ó dín gbogbo wọn kù, kò sì sọ iye tó dín.

Oṣù keje, mọ́kànlélọ́gbọ̀n; ẹnu tún sọ méjìdínlógójì. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Tíṣà ṣubú nídìí pátákó ìkọ̀wé, Ìyá Aránṣọ sì sìn ín lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà tó gbà wọ́n dà bí ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣì lè rán wá ra bọ́tìnnì. Ó wo káàdì.

"Kílò yín kéré díẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ara yín ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ǹjẹ́ ẹ rù láìpẹ́ yìí?"

"Rárá o," ni Tíṣà yára dáhùn. "Télọ̀ mi rèé, ẹ bi wọ́n. Méjìdínlógójì ni wọ́n ṣì bá ní ìbàdí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Dókítà rẹ́rìn-ín sí Ìyá Aránṣọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Kò rù. Iṣẹ́ ló pọ̀ jù. Ẹ lọ sinmi, kí ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta."

Oṣù mẹ́ta! Bí íǹṣì méje bá lọ láàárín oṣù mẹ́fà, kí ni yóò kù lẹ́yìn mẹ́ta sí i? Ìyá Aránṣọ fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Bó bá sọ̀rọ̀, ọ̀rẹ́ lè lọ. Bí kò bá sọ̀rọ̀, ọ̀rẹ́ á lọ. Wọ́n ní irọ́ a máa rìn fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a lọ́jọ́ kan. Tirẹ̀ kò tíì rìn ju oṣù méjì lọ, ó ti jókòó sínú ọ́fíìsì dókítà.

"Ọmọ mi, pa ohun tí o kọ yẹn rẹ́."

Ó fa ìwé náà yọ nínú báàgì. Láti oṣù karùn-ún ló ti ń gbé e kiri, kí Tíṣà má baà ṣí i.

"Oṣù kìn-ín-ní, méjìdínlógójì. Oṣù kẹta, mẹ́rìndínlógójì. Oṣù karùn-ún, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Oṣù keje, mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

Bó ṣe ń kígbe rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù náà ló kígbe rẹ̀, torí kò mọ ọ̀nà mìíràn. Àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yíjú.

Dókítà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gba ìwé náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wọ́ ìlà kọjá lórí ohun tó kọ. "Ẹ máa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ máa ya àwòrán inú. Lónìí."

"Ẹ mọ̀," ni Tíṣà wí fún Ìyá Aránṣọ.

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Mo bi yín, Mama. Mo bi yín pé mélòó ni."

Ìyá Aránṣọ gba ìwé náà padà lọ́wọ́ dókítà, ó tì í sínú báàgì.

Lẹ́nu ọ̀nà yàrá àwòrán, nọ́ọ̀sì ní kí Tíṣà bọ́ gbogbo ohun tó jẹ́ irin. Ó yọ yẹtí. Òrùka kò dúró kí wọ́n yọ ọ́. Ó yọ̀ bọ́ fúnra rẹ̀. Kò wo ojú Ìyá Aránṣọ, ṣùgbọ́n òun ló kó wọn fún.

"Ẹ má sọ wọ́n nù o. Ẹ má sì lọ."

"Ibo ni mo fẹ́ lọ?"

Ilẹ̀kùn tì. Iná pupa kan tàn lókè rẹ̀ pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nínú. Ìyá Aránṣọ jókòó sórí àga onírin, ó di ọwọ́ mọ́ yẹtí àti òrùka títí wọ́n fi ń gún un. Nọ́ọ̀sì bi í bóyá yóò mu omi. Kò gbọ́. Iná yẹn ló ń wò.