Fíìmù Ọmọge Adití àti Ọjọ́ Àìkú Mẹ́jọ

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìsọlọ̀, kò sẹ́ni tó ní fíìmù nílé. Fíìmù ló máa ń wá bá yín ládùúgbò, nínú àgolo pẹlẹbẹ. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, torí mo fẹ́ràn kéèyàn sọ nǹkan bó ṣe rí gan-an. Wọ́n á ká fíìmù kan sí róòlù mẹ́fà, róòlù kọ̀ọ̀kan á ní àgolo tirẹ̀, wọ́n á sì fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sí ìdérí rẹ̀. Bí ọ̀kan bá tán, onífíìmù á tan iná, á yọ ọ́, á fi òmíràn sí i. Àwa tá à ń wò á sì máa jiyàn títí iná yóò fi tún kú.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti ọmọge kan tó ń ṣe bíi pé òun dití, kí àwọn ọkùnrin tó ń yọ ọ́ lẹ́nu lè fi í sílẹ̀. Gbogbo wọn sá, àfi ẹnì kan. Ìyẹn lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, kò sì pẹ́ tí gbogbo abúlé fi ń ju ọwọ́ sókè sódò. Nítorí ọkùnrin náà rò pé ọmọge ò gbọ́, á jókòó tì í, á máa ka àṣírí ọkàn rẹ̀ sílẹ̀ fatafata. A rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn wá.

Ọ̀sán Sátidé ni, nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan, wọ́n sì ta aṣọ dúdú sí gbogbo fèrèsé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ nígbà náà, ló mú mi lọ. Kí n má parọ́, Màmá ló ní kí n tẹ̀ lé e, torí ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe ní Ṣógúnlé ló pè é. Ọ̀gbẹ́ni yìí ti ń bẹ̀ ẹ́ tipẹ́ pé kó fẹ́ òun. Ẹ̀gbọ́n mi ní tí fíìmù bá parí, òun á fún un lésì. Ni mo bá jókòó sáàárín wọn bí ọlọ́pàá.

Róòlù kẹrin tán, èyí tó tẹ̀ lé e sì jẹ́ ti ìgbéyàwó. Ọmọge náà jó, ó bá orin lọ déédéé. Obìnrin kan lẹ́yìn wa ní, “Adití wo ló ń jó báyìí?”

Ọkọ rẹ̀ ní, “Ẹsẹ̀ àwọn tó kù ló ń wò. Jẹ́ ká gbádùn.”

A gbà bẹ́ẹ̀. Nínú róòlù tó kẹ́yìn, ọkùnrin náà mọ̀ pé látọjọ́ yìí ló ti ń gbọ́ gbogbo ohun tóun ń sọ. Ìjà dé. Ọmọge gbé àpótí rẹ̀ rù, ó bá ọ̀nà lọ. Iná tàn, ó tán.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. “Ẹ ti rí i báyìí, Bùrọ̀dá. Ìgbéyàwó lónìí, àpótí lọ́la.”

“Ṣebí fíìmù lásán ni.”

“Èsì mi náà nìyẹn.”

Ọkùnrin náà ò jà. Ó yà sẹ́yìn lọ wo ẹ̀rọ onífíìmù fún ìgbà díẹ̀, bí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ti máa ń ṣe, ó wá sìn wá délé.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú Màmá. “Ẹ má bínú, Mà. Fíìmù tí wọ́n wò yẹn ò tíì parí. Ìyókù ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.”

“Nínú rédíò wo?” ni Màmá bi í, ṣùgbọ́n ó fún un lága.

Ó bẹ̀rẹ̀: ọmọge wọ ọkọ̀ akẹ́rù, àpótí rẹ̀ pààrọ̀ pẹ̀lú ti ìyá arúgbó kan, ọkùnrin náà sì ń fi kẹ̀kẹ́ lé wọn lọ sí ọ̀nà Ìlọrin. Ibi tó dùn dé ló ti dìde, ó ní ó di Sọ́ńdè tó ń bọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Ìyá onílé gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ̀gbọ́n mi gbé aṣọ tó ń rán súnmọ́ ẹnu ọ̀nà. Ní ìkarùn-ún, òun ló ń bi í ní ìbéèrè jù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ó ti gbé ìrẹsì kaná kí àlejò tó dé.

Lọ́jọ́ náà, ọkùnrin inú ìtàn dé ẹnu ọ̀nà ilé tí ọmọge wà, ó kanlẹ̀kùn, ó bẹ̀bẹ̀, obìnrin náà sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Ni Bùrọ̀dá bá dá ìtàn dúró síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ó ṣílẹ̀kùn àbí kò ṣí i?”

“Ìwọ ni mò ń bi.”

Ìyá onílé ní, “Dá a lóhùn jàre, ìrẹsì ń jóná.”

“Ó ṣí i,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ọdún gorí ọdún. Lọ́jọ́ kan ní Òkè-Àfà, mo rí fíìmù náà: wọ́n ti tún un ṣe pẹ̀lú àwọn òṣèré tuntun, ó ti wà lórí àwo síìdì. Mo gbé e lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi àti ọkọ rẹ̀ ní Èjìgbò, èmi pẹ̀lú bébà àti bírò, láti kọ gbogbo ibi tó ti yàtọ̀. Kẹ̀kẹ́ ti di ọ̀kadà, lẹ́tà ti di fóònù. Mo ti kọ mọ́kànlá nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láìtíì ṣègbéyàwó. Mo ní, “Wọ́n ti bà á jẹ́.” Àpótí lọ, àpótí bọ̀, wọ́n wá gbéyàwó, ni orúkọ àwọn òṣèré bá ń gòkè.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ń wo àjà ilé.

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí i. “Bàbá Ìbejì, ẹ wò mí lójú. Ọkọ̀ akẹ́rù dà? Ìlọrin dà?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó jẹ́wọ́. Lọ́jọ́ tó lọ wo ẹ̀rọ yẹn, nọ́ńbà karùn-ún ló rí lára àgolo tí onífíìmù ń dá róòlù tó lò kẹ́yìn padà sí. Onífíìmù ti fi ìkẹfà ṣáájú ìkarùn-ún. Kí a tó délé ló ti mọ̀ pé ìjà ló kọ́kọ́ wáyé, pé ìgbéyàwó ló parí rẹ̀.

“Ẹ̀yin ò wá lè sọ fún mi?”

“Ká ní mo sọ ọ́, wàá ní, ‘Ó dáa, mo ti gbọ́.’ Kí ni mo fẹ́ wá ṣe nílé yín ní Sọ́ńdè kejì?”

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lónìí, àwọn ọmọ-ọmọ mi á ṣí fíìmù lórí fóònù, wọ́n á kọ́kọ́ fò lọ síparí láti mọ̀ bóyá àwọn méjèèjì á fẹ́ra. Mi ò bá wọn wí, èmi náà máa ń ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tiwa, èèyàn lè mọ ìparí ìtàn kó gbé e mì, kó máa fẹsẹ̀ rìn láti Ṣógúnlé wá sí Ìsọlọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, kó máa sọ èyí tó dùn jù ú lọ.