Ìgò Tí A Fi Aṣọ Dí Lẹ́nu Lọ́nà Àjàṣẹ́

Láàárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó yọ lójú ọ̀sà, òórùn pẹtiróòlù ló máa ń jí mi. Bàbá mi á ti wà lágbàlá lẹ́bàá ọkọ̀ dúdú kékeré rẹ̀. Á fi àkẹtẹ̀ òyìnbó kan tó ti gbó tẹ́ ẹnu arọ tí a fi ń rọ epo sínú ọkọ̀, á sì máa rọra da epo gba inú rẹ̀ kọjá, kí omi tó bá wà nínú epo náà lè ṣẹ́kù sínú àkẹtẹ̀. Òórùn yẹn á dà pọ̀ mọ́ ti àgbọn tí wọ́n ń sá lẹ́yìn ilé àti ti ẹja tí wọ́n ń yan nílé kejì. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ọ, ó máa ń ṣe mí bíi pé mo ṣì wà lórí ẹní mi ní Àgbádárìgì.

Oníṣòwò àgbọn ni bàbá mi. Ọwọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló ti ra ọkọ̀ náà, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ kọ́ ọ ní ohun tí yóò fi í ṣe. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí pé ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé epo wá láti Èkó nígbà náà, nínú agolo, tí àwọn obìnrin á sì rọ ọ́ sínú ìgò fún títà. Irú ìgò kan náà ni wọ́n ń rọ kẹrosíìnì àtùpà sí. Kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í mú, aṣọ ni wọ́n fi ń dí ẹnu ìgò pẹtiróòlù, ṣùkù àgbàdo ni wọ́n fi ń dí ti kẹrosíìnì. Kò sí ọmọ ìlú wa tí kò mọ̀ ọ́n.

Síbẹ̀, kí bàbá mi tó da epo sínú ọkọ̀, á kọ́kọ́ kán díẹ̀ sí mi lọ́wọ́ ná. Bí ó bá jẹ́ pẹtiróòlù, àtẹ́lẹwọ́ mi á tutù rinrin, á sì gbẹ lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá jẹ́ kẹrosíìnì, ọwọ́ mi á máa yọ̀, òórùn rẹ̀ kò sì ní í lọ bọ̀rọ̀. "Imú kì í purọ́, Sẹ̀nàmì," ni bàbá mi máa ń sọ. "Ojú ni wọ́n ń tàn jẹ." Nínú gbogbo ọmọ ilé, èmi nìkan ló ń pè fún iṣẹ́ yìí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ.

Ègùn ni ìyá mi, ọmọ Àjàṣẹ́, lábẹ́ ìjọba àwọn Faransé lọ́hùn-ún. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, apẹja kan mú iṣẹ́ wá fún un pé ara ìyá rẹ̀ kò yá mọ́. Ó ní màmá sọ pé ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn òun tí òun fẹ́ sọ sí ọmọ òun létí kí òun tó lọ, kí ó yára. Ìyá mi kò sunkún. Ó di aṣọ méjì, ó wọ bàtà fún mi, ó sì lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ọkọ̀ ojú omi kò tíì dé lọ́sẹ̀ náà, epo tó wà nílẹ̀ kò tó nǹkan. "A ó rà lọ́nà," ni bàbá mi wí.

Mo ṣì ń lá àlá ọ̀nà yẹn. Yanrìn funfun, igi àgbọn lọ́tùn-ún àti lósì, òkun tó ń pariwo tí a kò sì rí i. Bí a ti kọjá ibodè, bàbá mi fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, ó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, nítorí ọ̀tún ni wọ́n ń gbà lọ́hùn-ún. Ìyá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní àfi bíi pé a wọ inú dígí lọ. Ẹ̀rín kan ṣoṣo tó rín lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Lábẹ́ igi àgbọn kan, a bá ìyá àgbàlagbà kan tó to ìgò sórí tábìlì. Aṣọ ni ó fi dí gbogbo wọn. Ìyá mi ní, "Bàbá Sẹ̀nàmì, ẹ jẹ́ kí n fi Ègùn béèrè èyí tí í ṣe ti ọkọ̀. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà."

Bàbá mi jágbe mọ́ ọn. "Ṣé ìwọ lo ń wa ọkọ̀ ni? Ìgò aláṣọ nìyí, ta ni kò mọ̀ ọ́n?"

Ó nawọ́ sí ìgò mẹ́jọ. Ìyá náà rò pé ó mọ ohun tó ń fẹ́, ó kó wọn fún un. Bàbá mi kò tilẹ̀ mú àkẹtẹ̀ rẹ̀ jáde. Èmi ni ó ní kí n di arọ mú. Epo náà kán sí mi lọ́wọ́. Mo dúró dè é kí ó tutù, kò tutù. Mo dúró kí ó gbẹ, kò gbẹ. Mo gbójú sókè wo bàbá mi. Ó fa imú lẹ́ẹ̀kan, ó wo ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ń da epo lọ. Ẹni tó jágbe mọ́ ìyá mi bẹ́ẹ̀, kí ni yóò ṣe fún mi? Mo nu ọwọ́ mi mọ́ aṣọ, mo wọ inú ọkọ̀, mo jókòó.

A kò lọ jìnnà kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ó rú èéfín funfun, ó sì dákẹ́. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí awakọ̀ akẹ́rù kan tó bá wa fa epo náà dànù, tó sì fún wa ní tirẹ̀ díẹ̀. Abúlé àwọn apẹja ni a sùn, a sì dé Àjàṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Àbúrò ìyá mi pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ò lè dé lánàá ni? Títí ọ̀sán àná ni màmá ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń dárúkọ yín." Nígbà tí a wọlé, ohùn ti lọ lẹ́nu màmá. Ìyá ìyá mi kàn ń wo ọmọ rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Ó fa ọwọ́ mi sí imú rẹ̀, ó gbọ́ òórùn kẹrosíìnì lára ọwọ́ náà, ó sì tẹjú mọ́ mi pẹ́. Ọjọ́ kẹta ni ó kú.

Ìyá mi kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó lè máa ha àgbọn lọ́wọ́ kí ó dáwọ́ dúró, kí ó ní, "Kí tilẹ̀ ni ìyá mi fẹ́ sọ ná?" Títí ó fi kú, n kò lè sọ ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ lọ́jọ́ ìgò yẹn fún un.

Nígbà tí bàbá mi náà ń múra àtilọ, mo jókòó tì í, mo sì jẹ́wọ́. "Bàbá, mo mọ̀ pé kẹrosíìnì ni lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rù yín ló bà mí."

Ó fọwọ́ pa àtẹ́lẹwọ́ mi níbi tó ti máa ń kán epo sí tẹ́lẹ̀. "Èmi náà gbọ́ òórùn rẹ̀, Sẹ̀nàmì. Mo ti jágbe mọ́ ìyá rẹ tán. Ojú ń tì mí láti gbà pé mo ṣì í mú."

Ọmọ ọdún mẹ́jọ yẹn rò pé òun nìkan ni ó dá ẹ̀ṣẹ̀ náà. Arúgbó tí mo dà yìí mọ̀ pé ẹni méjì ni wá. Ó yẹ kí ó fúyẹ́ sí i fún mi, kò fúyẹ́. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi lọ sí Àjàṣẹ́ báyìí nínú ọkọ̀ tèmi, wọ́n sì ṣì ń ta epo nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà. Bí a bá fẹ́ rà, mo máa ń kán an sí i lọ́wọ́. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, pé ìyá àgbà ti tún bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń bi í pé kí ni imú rẹ̀ sọ, n kì í sì í jẹ́ kí wọ́n da epo títí yóò fi dá mi lóhùn.