Búùjì tuntun kọ̀, ti àtijọ́ ń sáré

Ọ̀gá Làmídì, owó iṣẹ́ rẹ ti wọlé, n kò jẹ ọ́ ní nǹkan kan mọ́. Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi.

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ eré sísá àbúrò mi tí mo ń bá a tà fẹ́ yí mi lórí. Ó kàn ń gbọ̀n díẹ̀, ni mo bá ra búùjì tuntun tí yóò máa ṣáná sí ẹ́ńjìnnì. Làmídì, mẹkáníìkì mi ní Kégué, fi wọ́n sí i lónìí. Ọkọ̀ ń rọra lọ dáadáa. Àfi ìgbà tí mo tẹ iná kó sáré, ló bá ń wúkọ́ bí ewúrẹ́ tó jẹ gàrí gbígbẹ!

"Tantí, ẹ jẹ́ ká dá ti àtijọ́ padà," Làmídì ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Àwọn tó ti dúdú yẹn?"

"Ẹ ṣáà jẹ́ ká wò ó."

Bó ṣe dá wọn padà, ọkọ̀ ń fò!

"Kí ló wá ṣe àwọn tuntun?"

Ó họrí. "Ó rú èmi náà lójú. Bóyá ẹnu wọn, àlàfo tí iná ti ń ṣẹ́, ló fẹ̀ jù."

Báwo lẹnu ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí ṣe máa fẹ̀ jù?

Oníbàárà ń bọ̀ wá wà á wò ní Sátidé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ eré sísá, ṣé kí n fi ti àtijọ́ sílẹ̀ ni, àbí ká fún ẹnu àwọn tuntun pọ̀? Ọjọ́bọ̀ ni mò ń retí èsì yín.