Ebòlò Orí Ebè Kẹrin

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Kùmásì, ẹnu mi kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kì í dúró lójú kan. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, máa ń sọ pé mo dà bí ẹni tó jókòó sórí ìjàlọ. Bí mo bá ti gbálẹ̀, tí mo pọnmi, tí mo jẹ wáàkyé, ìyẹn ìrẹsì ẹlẹ́wà tí wọ́n fi ewé dì, lẹ́nu ọ̀nà wa ní àdúgbò Sáwábà, ó di ìta, kí èmi àti àwọn ọmọbìnrin yòókù máa ṣe áńpè, eré ká máa fò ká máa pàtẹ́wọ́, títí àtẹ́lẹsẹ̀ wa á fi máa ta wá.

Ní ìsinmi ọdún tí mo wà ní fọ́ọ̀mù kẹta, wọ́n mú àwa mẹ́jọ níléèwé wa fún iṣẹ́ ọgbà. Ilẹ̀ kan wà lẹ́yìn Súámè Mágásìn, níbi táwọn fítà tó ń tún ọkọ̀ ṣe ti ń da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ibẹ̀ la kọ ebè mẹ́fà sí. Iṣẹ́ wa ni ká máa bomi rin wọ́n, ká fi rúlà wọn ohun tó bá hù, ká sì kọ ọ́ sínú ìwé, torí wọ́n ń wádìí ohun tó lè hù nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń sanwó fún wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Owó àkọ́kọ́ tí mo fi òógùn ara mi gbà nìyẹn, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà débi pé mo máa ń débẹ̀ ṣáájú Mádáàmù Afíà, olùkọ́ tó ń darí wa.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́, mo tọrọ àyè lọ kírun. Ìgbà tí mo lọ tán ni Mádáàmù kó àwọn tó kù jọ, tó ka òfin ibẹ̀ fún wọn. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi, èmi náà ò sì béèrè.

Lọ́sẹ̀ kẹta ni mo rí ebòlò lórí ebè kẹrin. Ẹ̀yin tá a jọ dàgbà nílẹ̀ Gánà mọ bó ṣe rí: kóńtómírè, ìyẹn ewé kókò, ló kún ọjà. Ebòlò, ìyá mi ò tíì fojú kàn án látìgbà tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé. Koríko làwọn ẹgbẹ́ mi pè é. Bí a bá sì wọn koríko tán, inú kòtò la máa ń dà á sí. Mo wọn ọ́n, mo kọ gígùn rẹ̀ sílẹ̀, mo wá dì í sínú ìborùn mi.

Ìyá mi gbóòórùn rẹ̀ kí n tó tú ìborùn.

"Yéè! Ebòlò rèé! Sàfú, níbo lo ti rí i?"

Ìyá Àgbà gbé e símú. "Èyí ń rùn ju ti ilé lọ o."

"Ebòlò tí kò bá rùn, Ìyá, ṣé ebòlò ni?"

A fi jẹ tùwó lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a fi ìka nu abọ́. Ìyá mi ní kí n mú sí i wá fún Àǹtí Sídíkátù, tá a jọ ń gbé inú àgbàlá kan náà. Ó lóyún oṣù méje, ebòlò sì ni oyún náà ń béèrè. Mo mú un wá lọ́jọ́ kejì. Ó gbàdúrà fún mi títí ojú fi tì mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Mádáàmù ní ká kó ohun tó wà nínú kòtò jáde, ká sun ún. "Ẹ rántí ohun tí mo sọ ní Jímọ̀ ìjọ́sí," ó ní. "Ohun tó bá hù nínú ilẹ̀ yìí ti mu ọ́ìlì àti òjé. Ewúrẹ́ pàápàá ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án."

Rúlà bọ́ lọ́wọ́ mi. Bí mo bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ mi bọ́. Bí mi ò bá sọ, Àǹtí Sídíkátù kì í jẹ́ kí agogo méjìlá lù kó tó dáná. Mo bomi rin ebè kan náà lẹ́ẹ̀mẹta láìmọ̀. Nígbà tó yá, mo lọ bá Mádáàmù.

"Mádáàmù, mo ti kó o lọ sílé. Aláboyún kan fẹ́ sè é lónìí."

Ó wò mí, ó sì tì mí léjìká pé kí n tètè máa lọ. "Kɔ! Kɔ ntɛm!"

Mo sáré. Mi ò dúró wọ ọkọ̀. Nígbà tí mo dé àgbàlá wa, ọbẹ̀ ti ń hó lórí iná èédú, Àǹtí Sídíkátù sì ti bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ láti tọ́ ọ wò. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù, mo fi ẹsẹ̀ ti ìkòkò ṣubú. Epo pupa, ẹja àti ebòlò ṣàn dé ẹnu ilẹ̀kùn.

"Hàà! Ṣé orí ẹ dàrú ni? Ìwọ tí wọ́n ń pè ní ọmọ jẹ́jẹ́! Ìyá Sàfú, ẹ wá wo ọmọ yín o, ó fẹ́ fọbẹ̀ gbígbóná bó mi!"

Ìyá mi ò béèrè nǹkan kan. Ó ní kí n kúnlẹ̀ sínú oòrùn, kí n nàwọ́ méjèèjì sókè. Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀.

"Àwa tá a ti jẹ ẹ́ ńkọ́?" Ìyá Àgbà ló béèrè.

Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló fà mí lọ́wọ́ sílẹ̀.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò lè jókòó. Bí Ìyá Àgbà bá wúkọ́, màá kọ ọ́ sínú ìwé tí mo fi ń kọ gígùn koríko. Nǹkan kan ò ṣe é. Àǹtí Sídíkátù bí ọmọkùnrin láyọ̀, àmọ́ ó pẹ́ kó tó tún bá mi ṣeré. Ní ti Mádáàmù, ó ní òun ò bínú sí mi, ṣùgbọ́n kò gbà mí padà.

Ní ìsinmi tó kọjá yìí, ọmọ mi obìnrin tó kéré jù ṣe irú iṣẹ́ yìí. Wọ́n fún un ní ìbọ̀wọ́ àti bàtà òjò, wọ́n kọ òfin sínú ìwé, bàbá rẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Tiwa, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n fẹnu sọ ọ́. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ kò gbọ́. Ọmọ mi ò lè ṣe irú àṣìṣe tí mo ṣe, nítorí kò mọ ebòlò yàtọ̀ sí koríko.

Èmi ni ọkàn mi ò tíì balẹ̀. Bí mo bá fẹ́ ra ewé lọ́jà, mo máa ń béèrè ibi tí wọ́n ti gbìn ín, àwọn tó ń tà á á sì rẹ́rìn-ín: "Àǹtí, ewé ni ewé." Láyé ọjọ́un, mo mọ ilẹ̀ tí ewé inú ìkòkò yẹn ti hù, mo sì dà á nù. Lónìí mi ò mọ ilẹ̀ èyí tí mò ń sè, mo kàn ń dúró tì í títí á fi jinná.