Òkè Erùpẹ̀ Tí Bàbá Mi Fi Ń Wo Oṣù

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kì í ṣe èyí tí èèyàn fi ń yangàn níwájú àna. Bí wọ́n bá bi mí pé kí ni mò ń ṣe jẹun, mo máa ń dáhùn pé, "Ilẹ̀ tí ẹlòmíì gbẹ́ bàjẹ́, èmi ni mò ń tún un ṣe." Kogi ni mo ti kọ́ iṣẹ́ náà, níbi tí wọ́n ti ń wa èédú ilẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé erùpẹ̀ tí a bá hú jáde kì í wọ inú ihò rẹ̀ tán mọ́. Ó ti wú. Ó dà bí ẹni tó lo oṣù mẹ́ta ní ìlú òyìnbó: ó padà dé, ẹnu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ kò gbà á mọ́. Èyí tó bá ṣẹ́kù, àfi kí á wá ibi tí a ó tẹ́ ẹ sí, kí òjò má baà wọ́ ọ lọ sínú oko olóko.

N kò mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ló máa dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti bàbá mi.

Abúlé tí bàbá mi ń gbé kò jìnnà sí Ìlọrin. Bí ọkọ̀ bá gbéra ní Challenge nígboro Ìlọrin, kí o tó jẹ ẹ̀pà ìgò kan tán, o ti débẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ bí ẹní. Nígbà tí àwọn kan wá ń fọ́ òkúta nítòsí, gbogbo erùpẹ̀ tó bo òkúta náà ni wọ́n hú, wọ́n ń dà á jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan títí ó fi di òkè. Ó ga ṣánṣán, koríko kò hù lórí rẹ̀; bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ pupa á ya wọ oko ẹ̀gẹ́ tó wà nísàlẹ̀. Àwa tí a mọ iṣẹ́ ń pè é ní wàhálà. Àwọn àgbà abúlé ń pè é ní àlùbáríkà, nítorí orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń wo oṣù Ramadan, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n Ṣáábánù, oṣù tó ṣáájú rẹ̀.

Bàbá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kéwú ló sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọdé. Rédíò lè sọ̀rọ̀, fóònù lè dún. Bí kò bá fi ojú ara rẹ̀ rí oṣù, á gba ààwẹ̀ náà ṣá o, ṣùgbọ́n á máa gbà á bí ẹni tó lọ síbi ìnáwó tí wọn kò pè é. Ní èṣí, orúnkún rẹ̀ dá a dúró ní agbedeméjì òkè. Ó jókòó sórí òkúta kan. Àwọn tó wà lókè pariwo, "Ó ti lé o!" Ewé àwọn igi kajú tó wà níhà ìwọ̀ oòrùn nìkan ni bàbá mi rí. Mo di apá rẹ̀ mú, a sọ̀ kalẹ̀. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kankan títí a fi délé. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí.

Kò ju oṣù kan lọ lẹ́yìn ìyẹn tí iṣẹ́ fi dé ọ́fíìsì wa: ẹ wó òkè yẹn, ẹ tún ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe kí òjò tó le. Èmi ni wọ́n sì gbé e fún.

"Ẹnjiníà," bàbá mi ní, "gbogbo ìwé tí mo rán ọ lọ kà, torí kí o lè wá wó òkè mi ni?"

"Bàbá, òkè yín kọ́. Erùpẹ̀ lásán ni."

"Ìwọ náà, erùpẹ̀ ni Ọlọ́run fi dá ọ. Ṣé mo wó ọ?"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ni oko ẹ̀gẹ́ ìsàlẹ̀ òkè wà níjókòó. "Àlùfáà, ẹ jẹ́ kó wó o," ló ní. "Ẹ̀yin ń rí oṣù, ẹrẹ̀ lèmi ń rí."

"Ìwọ! Ìwọ tí o rí wáyà iná tí o ní oṣù lé!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bàbá mi kò wojú mi.

Mo ṣàlàyé fún un. A kò ní wó o tán. Orí rẹ̀ la máa gé, a ó dà á sínú apá ihò tí wọn kò fọ́ òkúta níbẹ̀ mọ́. Ìyókù, a ó tẹ́ ẹ dagẹ̀rẹ̀, arúgbó á lè gùn ún.

"Bí ẹ bá gé orí rẹ̀ jù ńkọ́? Kajú á bo ìwọ̀ oòrùn. Màá wá gùn ún dé òkè, màá sì máa wo ewé."

Mo ti ya òkè náà sínú ìwé, mo ti ya ibi tí omi máa gbà. N kò ya igi kajú kankan.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo gbé àga rọ́bà kan àti èèkàn lọ. Bàbá mi jókòó sórí àga náà, èmi àti awakọ̀ katapílà gbé e.

"Ẹ rọra o," ó ní. "N kò tíì kú."

A gbé e kalẹ̀ ní agbedeméjì. "Bàbá, kí lẹ rí?"

"Ewé."

A tún gòkè díẹ̀. "Ibí yìí ńkọ́?"

"Ewé, àti ẹyẹ kan tí kò nítìjú."

A tún gòkè. Ó ṣí fìlà, ó na ọrùn. "Mo rí ẹsẹ̀ sánmọ̀," ló wí jẹ́jẹ́.

Ibẹ̀ ni mo kan èèkàn mọ́. Ọ̀gá mi bi mí nígbà tó yá pé irinṣẹ́ wo ni mo fi wọn gíga òkè. Mo ní irinṣẹ́ àtijọ́ kan ni, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó sì máa ń bú èèyàn.

A gé e dé èèkàn. A tẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, a la gọ́tà yí i ká, a da ilẹ̀dú lé e, a gbin koríko. Òjò dé, koríko mú, ẹrẹ̀ kò sì wọ oko ẹnikẹ́ni. Bàbá mi wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní ó dà bí màlúù tó dùbúlẹ̀ tó ń jẹ àpọ̀jẹ.

Nígbà tí ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n Ṣáábánù tún pé lọ́dún yìí, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó kọ ọwọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sinmi lọ́nà. Ibi tó bá ti dúró, á bú koríko níbẹ̀. Mo ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Nígbà tó fi dé òkè, èrò ti pọ̀ níbẹ̀, oòrùn ti wọ̀, ọyẹ́ sì bo sánmọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń nàka sí ibi tí kò sí nǹkan kan.

"Ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún," bàbá mi wí. "Lókè kajú tí ẹ̀ka rẹ̀ ṣẹ́. Ó tín-ín-rín."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹjú. "Wàláhì, òótọ́ ni!"

Ariwo ta. Bàbá mi gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń ṣe àdúrà, irùngbọ̀n rẹ̀ ń gbọ̀n. Orúnkún rẹ̀ náà ń gbọ̀n. Òun ni mò ń wò, mo na ọwọ́ sẹ́yìn rẹ̀ bóyá á ṣubú. Nígbà tí mo fi gbójú sókè, ọyẹ́ ti gbé oṣù mì.

"Ẹnjiníà, ṣé o rí i?"

"N kò rí i, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín títí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi dì í mú. "Kò burú," ó ní. "Wá, màá sọ bó ṣe rí fún ọ." Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń sọ ọ́.