Àwọn Ìyá Tó Sọnù Nínú Fáìlì

Ìtọpinpin ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò kéré. Bó bá rí ìkòkò tí wọ́n fi ìdérí dé, àfi kó ṣí i wò. Ní ọ́fíìsì ìlera tó ti ń ṣiṣẹ́, Ìyá Fáìlì ni wọ́n ń pè é, torí òun ló ń tọ́jú ìwé gbogbo aláìsàn.

Lọ́dún tí mo lóyún àkọ́bí mi, àwọn ọ̀gá rẹ̀ jókòó ṣe ètò ọdún márùn-ún. Wọ́n ní àwọn máa ti yàrá ìbímọ àdúgbò wa pa. Kọ̀ǹpútà ní irinwó aboyún ló forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, àádọ́rin péré nínú wọn ló sì bímọ síbẹ̀. Ilé ìwòsàn tó kù jìnnà tó ìrìn wákàtí méjì nínú ọkọ̀, oyún mi sì ti pé oṣù méje.

Ẹ̀gbọ́n mi tún rí nǹkan mìíràn. Àwọn tó bímọ níbẹ̀ láìforúkọ sílẹ̀ pọ̀ bí eéṣú, àlejò ni ìwé sì pè wọ́n.

“Àlejò wo ló máa gbé ikùn wá síbi táwọn onílé ń sá kúrò?” ló ń bi mí ṣáá.

Abéèrè kì í ṣìnà. Ó lọ jókòó ti nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀. Aboyún kan dé, nọ́ọ̀sì kọ “Ìyàwó Mẹkáníìkì” sí káàdì rẹ̀. Òmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tán, nọ́ọ̀sì fa káàdì tuntun yọ, ó kọ “Ìyá Ìbejì” sí i.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ kọ fún un nígbà tó wà nínú oyún?”

“Ìyàwó Télọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó ti di ìyá báyìí! Ọ̀wọ̀ rẹ̀ kọ́ ni mo fún un ni?”

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di àga mú. Ìyàwó Télọ̀ ló sá lọ nínú kọ̀ǹpútà, Ìyá Ìbejì ló di àlejò. Ẹnì kan náà sì ni.

Ó so irú káàdì bẹ́ẹ̀ ní méjì-méjì, ó kó wọn síwájú àwọn ọ̀gá.

“Ẹ má bínú o, ta ló ni ìwé yìí? Ta lẹ fún láṣẹ láti yí orúkọ padà?”

Kò sẹ́ni tó ni ín.

“Ẹ jẹ́ kí èyí ṣáájú nínú ètò yín, kẹ́ ẹ tó ti ilẹ̀kùn kankan: ẹnì kan, nọ́mbà kan, látìgbà oyún títí di ìgbà ìbí. Kí ẹnì kan sì máa dáhùn fún un.”

“Ìyá Fáìlì,” ni ọ̀gá àgbà wí, “ẹ̀yin náà lẹ máa dáhùn.”

Wọn ò ti yàrá náà mọ́. Ibẹ̀ ni mo bímọ sí lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ kíkan-kíkan. Bọ́mọ ṣe ké, nọ́ọ̀sì àgbà nawọ́ sí káàdì tuntun, ó rántí, ó fà á padà. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

“Nọ́mbà rẹ ńkọ́?” ni ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

“Mẹ́rìnlélógójì,” ni mo fi ìkanra dáhùn. Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí ìyá ọmọ nìyẹn?

Ó wo káàdì mi àtijọ́, ó mirí, ó wá dì mọ́ mi.

“Ìyá Ìkókó, o kú ewu ọmọ.”

Ẹnu ló fi pè mí bẹ́ẹ̀ o. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀.